Ẹni Tó Ti ICU Bọ̀, Ìtọ́jú Rẹ̀ Kò Tíì Parí

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ará ìlú ní Kábbà)

Okun o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa. Kí ẹnikẹ́ni láti Kábbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú tó dé ICU, ìyẹn yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ní Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́jà, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ bá a mí, ìdílé rẹ̀ á ti ná owó, á ti gbààwẹ̀, á ti sunkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé, ọpẹ́ ló ń gba ẹnu gbogbo wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí kò lè ṣiṣẹ́? Ṣé ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára ni? Àbí àwọn ayé ò tíì fi í sílẹ̀?

Dókítà Margaret Herridge ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi odidi ọdún kan tẹ̀lé ènìyàn 109 tí ẹ̀dọ̀fóró wọn daṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì yè é, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003. Kì í ṣe arúgbó ni wọ́n o. Ìdajì wọn kò ju ẹni ọdún 45 lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò ní ICU, ìdá 18 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn ti lọ. Wọ́n ní kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà: ní oṣù kẹta, mítà 281 ni wọ́n rìn, nígbà tó pé ọdún kan, 422, ìyẹn nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó yẹ kí wọ́n lè rìn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò láti oṣù kẹfà. Iṣan ara ni kò sí mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kò tó ìdajì. Ẹ rántí ìyẹn kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ.

Àìsàn ńlá fúnra rẹ̀ ń jẹ iṣan, ìdùbúlẹ̀ sì ń dá kún un. Àwọn olùwádìí ní London wọn iṣan iwájú itan àwọn aláìsàn ICU. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ti dín ní nǹkan bí ìdá 18 nínú 100. Iṣan yẹn gan-an la fi ń dìde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi àwọn ìdílé léèrè irú ilé ìgbẹ́ tí wọ́n ní. Ẹni tó bá lóṣòó sórí ṣáláńgá tí itan rẹ̀ kò lágbára, ibẹ̀ ló máa wà títí wọ́n á fi wá fà á dìde, ojú á sì máa tì í. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gé ihò sí àárín àga onígi, kí ẹ gbé e sórí ihò ṣáláńgá náà. Ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀, àga gíga ni kó máa jókòó lé. Kó máa dìde kó sì máa jókòó, láàárọ̀ lálẹ́. Bí ó bá ti rọrùn, kó má fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ mọ́. Ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja kò gbọdọ̀ wọ́n nínú oúnjẹ rẹ̀. Bí èémí bá ń há a níbi tó jókòó sí, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró.

Ti orí ló ń dẹ́rù bani jù. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2013, nínú aláìsàn 821, ìdá 74 nínú 100 ló ń ṣe ràn-án-ràn-án nígbà tí wọ́n wà ní ọsibítù. Ẹlòmíràn nínú irú wọn máa ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Èyí kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe pé ó ń jẹ́wọ́. Nígbà tó bá délé, ó lè máa gbàgbé nǹkan, kí àlá burúkú sì máa jí i. Bí ẹ bá ń ṣọ́ ọ ní ọsibítù, ẹ máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé kékeré, kí ẹ kà á fún un bó bá yá. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé ó lè dín ìpayà tó máa ń kù lọ́kàn rẹ̀ kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan béèrè bóyá ọkọ òun, tó ti ICU bọ̀, lè kọ ebè lọ́dún yìí. Mo ní kí wọ́n háyà alágbàṣe fún ebè. Kí bàbá máa jókòó gé èbù iṣu, kó sì máa rìn dé etí oko, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un.