Àwọn ọmọ Milan 1954: ẹ má pè é ní àgbàyanu mọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá.

Sùkúrù kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí, Milan High School, ní ìpínlẹ̀ Indiana lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ọmọ 161 péré ló wà níbẹ̀ lọ́dún 1954, àwọn ọkùnrin inú wọn ò sì tó 80. Nígbà yẹn wọn ò pín ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù sí ti sùkúrù ńlá àti ti kékeré, ìdíje kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bá ara wọn fà, sùkúrù 751 lọ́dún yẹn, ẹni tó bá ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ilé yá nìyẹn. Milan bọ́ sí fáínà, ìyẹn àṣekágbá, ní March 20, ní Butler Fieldhouse, gbọ̀ngàn eré ti Yunifásítì Butler, ìlú Indianapolis. Muncie Central ni wọ́n bá pàdé, sùkúrù ńlá tó ti gba ife yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó yẹn, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé táwọn èèyàn bá ń sọ ìtàn yìí, bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn tí Milan fi borí nìkan ni wọ́n ń sọ, wọ́n á ní àgbàyanu ni. Àgbàyanu kẹ̀? Lọ́dún 1953 àwọn ọmọ yìí ti wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje yẹn kí South Bend Central tó lé wọn sílé. Bobby Plump àti mélòó kan nínú wọn, abúlé Pierceville ni wọ́n ti wá, àtikékeré ni wọ́n ti jọ ń jù ú sáwọ̀n, wọ́n mọ ara wọn bí ẹni mọ owó. Kóòṣì wọn, Marvin Wood, ọmọ ọdún 26, Butler lòun fúnra ẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù, ó mọ pápá yẹn.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan tí Wood ṣe. Nínú kọ́tà kẹrin, Muncie ti fi 28 sí 26 ṣáájú, ẹni tó wà lẹ́yìn ló yẹ kó máa sáré, àbí? Wood ní kí Plump di bọ́ọ̀lù mú. Ọmọ yẹn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 13, kò jù ú, kò fún ẹnikẹ́ni, torí kò sí agogo tó ń lé ẹgbẹ́ tó di bọ́ọ̀lù mú láyé ìgbà yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń wò ó. Ẹ ro bí ọkàn ẹ̀ á ṣe máa lù! Nígbà tó jù ú, kò wọlé. Ray Craft ló bá wọn dá a padà sí 28 sí 28, Craft yìí náà ló ju pọ́ìntì 14 wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó jù tó o nínú wọn, síbẹ̀ mélòó nínú yín ló ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí? Ó di 30 sí 30. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 18, wọ́n dúró gbàmọ̀ràn, àwọn mẹ́rin yòókù bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Plump lè dá kojú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó fò, ó jù ú, 32 sí 30.

Nígbà tí wọ́n padà délé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní nǹkan bí 40,000 èèyàn ló ya wá kí wọn, ìlú tí gbogbo ará ibẹ̀ ò ju bí ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Ẹgbẹ́ kan wà tí Milan fi 65 sí 52 nà lójú ọ̀nà fáínà, mi ò lè fo tiwọn. Crispus Attucks ni, sùkúrù tí wọ́n kọ́ fáwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, tí wọn ò jẹ́ kó wọ ìdíje yẹn rárá títí di 1942. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Oscar Robertson wà nínú wọn. Lọ́dún 1955 Attucks gba ife náà, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kankan kò gbà á rí ṣáájú wọn. Wọ́n gbé àwọn ọmọ náà sórí ọkọ̀ panápaná, wọ́n gbé wọn yí Monument Circle láàárín ìlú ká, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dúró ṣayẹyẹ níbẹ̀, wọ́n dà wọ́n lọ sí Northwestern Park ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Ayẹyẹ yẹn ò tíì parí tí Robertson fi kúrò níbẹ̀, ó gba ilé bàbá ẹ̀ lọ.