Tí Wẹ́fíà Bá Wọlé Wá

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọ àti ẹbí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ní Èkìtì níbí, wẹ́fíà ò tíì jókòó tán tí àdúgbò á ti máa sọ pé wọ́n wá gba ọmọ. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń dí ẹbí lẹ́nu. Ẹ má pè é lágídí.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Ìkéré. Ìyá àgbà ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé. Òṣìṣẹ́ dé, ó yọ fáìlì, ó yọ bírò: "Mama, bàbá ọmọ yìí dà?" Ọ̀bẹ dúró lórí iṣu. Gbogbo ìbéèrè tó kù, "mi ò mọ̀" ni wọ́n fi dáhùn.

Òmíràn dé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mama." Ó dárúkọ ara ẹ̀, ó ní ọ́fíìsì òun wà ní ìjọba ìbílẹ̀, pé iléèwé ló ní àwọn ò rí ọmọ náà mọ́. "Ṣé mo lè kọ díẹ̀ sílẹ̀? Màá ka ohun tí mo bá kọ fún yín." Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó jáde: bàbá ọmọ ò fowó ránṣẹ́ mọ́, ọmọ náà ló ń bá wọn kiri ata.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, Èkìtì sì ṣe tiwọn ní 2006. Ohun tí òfin náà sọ ni pé ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Àwọn kan ti sọ èyí di kùmọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba òbí, bẹ́ẹ̀ òfin 2003 yìí kan náà ló fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú òbí ẹ̀.

Ẹ má ṣèlérí fún ẹbí pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Tí wọ́n bá ti ń fìyà jẹ ọmọ, ẹ ò lè bò ó mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹbí mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì sáré pe ìpàdé ẹbí. Bó bá jẹ́ àbúrò bàbá ló ń ṣe ọmọ níṣekúṣe ńkọ́? Òun náà á jókòó sípàdé, wọ́n á ní ká yanjú ẹ̀ nínú ilé. Ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ rárá! Ẹ kọ́kọ́ bá ìyá àti ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ Túsìdeè lẹ ń bọ̀, ẹ wá. Bí ò bá ṣeé ṣe, ẹ pè. Tó bá sì jẹ́ fóònù aládùúgbò ni wọ́n fún yín, ẹ kàn ní kí wọ́n bá yín pe Mama ni. Ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bá wọn sọ.