Bọ̀dá Kò-Le-Ṣeé-Ṣe

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú alẹ́, ìgbà yòówù tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ mi. Òtútù Leeds ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, mo ti tan hítà, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo kan lábẹ́lẹ̀ òun ni, ẹ má bínú. Mi ò ní àlejò lónìí, èmi nìkan ni.

Àwọn àbúrò mi nínú ẹbí ní orúkọ kan tí wọ́n ń pè mí, Bọ̀dá Kò-Le-Ṣeé-Ṣe. Wọn kì í pè é lójú mi o, ọ̀kan nínú wọn ló ṣèèṣì fi fóìsì nóòtì tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀ sórí wọ́sáàpù agboolé, bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn. Wọn ò sì purọ́ mọ́ mi. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, màá ní ta ló máa di owó mú? Wọ́n á ní ìjọba yìí mà fẹ́ jọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́, màá fi ẹ̀rín ránṣẹ́, èyí tó ń da omi lójú yẹn. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ kó padà sílé, màá ní kú orí ire. Ó sì máa ń dùn mọ́ mi, kí n má parọ́. Tó o bá ti sọ pé nǹkan ò ní dáa, tí ò sì dáa lóòótọ́, ìwọ lo gbọ́n jù láàárín wọn, tó bá wá lọ dáa, inú gbogbo èèyàn á ti dùn débi pé wọn ò ní rántí ohun tó o sọ. Ọjà tí èèyàn kì í pàdánù níbẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹnu mi korò. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ìjọba títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí wọ́n wá fara hàn, wọ́n lọ. Wọ́n ní fọ́tò yẹn ti pẹ́ jù, wọ́n ya òmíì. Wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì wọn mọ́, kí wọ́n lọ ṣe fótókọ́pì lẹ́tà tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́. Ọ̀rá dúdú kan wà tí bàbá mi ń kó gbogbo ìwé yẹn sí, wọ́n á ká a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi rọ́bà dè é, wọ́n á há a sábíyá, ó di Tàkíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti wọ mọ́tò kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n kú láìgba gírátúítì. Ọ̀rá yẹn wà lọ́dọ̀ mi níbí, inú dúrọ́ọ̀ ni mo fi sí. Nítorí náà tí ẹnì kan bá jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n tó ní kí n máa ro rere, kí n máa sọ rere, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á.

Ká má tíì sọ ti títì. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn ń bọ̀ mọ̀ pé tó bá ti kọjá Ọ̀yọ́, àdúrà ló kù, torí nínú gbogbo títì Ìbàdàn sí Ìlọrin, apá ti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ni wọ́n fi falẹ̀ jù, àti àwa àti tírélà la jọ ń fara ya ara wa lójú ọ̀nà tóóró kan náà. Àwọn tí mo mọ̀ ti kú síbẹ̀.

Ẹni tó wá da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lójú ni àbúrò bàbá mi obìnrin, Ìyá Gáná la ń pè wọ́n. Tàmálè ni wọ́n bí wọn sí. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ mọ̀ ọ́n, agboolé wo ni ò lẹ́ni tó ti gbé Gáná tàbí Òkè Ọya rí? Ṣọ̀ún tó wàjà ní 2021 pàápàá, òwò ni wọ́n ń ṣe ní Jọ́ọ̀sì kí wọ́n tó wá jọba ní 1973. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí ò bá níwèé ìgbélùú kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Bàbá àgbà mi ń ta aṣọ níbẹ̀, àwọn tó ti ra aṣọ láwìn ò dá wọn lóhùn mọ́, wọ́n kúkú mọ̀ pé baba ń lọ. Èyí tó kù, wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú, kẹ̀kẹ́ ìránṣọ kan ni wọ́n rí gbé sórí lọ́rì. Ọmọdébìnrin ni Ìyá Gáná, ilé tí wọ́n ní kí wọ́n padà sí yẹn, wọn ò dé ibẹ̀ rí, àwọn ọmọ àdúgbò wá ń sín wọn jẹ bí wọ́n bá lanu sọ Yorùbá.

Tó bá jẹ́ ti ká máa bínú sí ayé, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i jù mí lọ. Ẹ má sì rò pé ìyá jẹ́jẹ́ kan tó gba gbogbo ayé gbọ́ ni mò ń sọ o. Ìyá Gáná ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́! Tí ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn bá fún wọn lówó, wọ́n á kà á lójú ẹ̀. Olóṣèlú gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbà á, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní òkúta inú ẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀.

Ìgbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo bá wọn lẹ́yìnkùlé ní Òkèlérìn, wọ́n da kóró kaṣú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Èyí tó bá léfòó, wọ́n á dà á nù, èyí tó bá rì ni wọ́n ń gbìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ti fi ìṣó lu nídìí. Mo ní, "Ìyá, ta lẹ fẹ́ gbin gbogbo eléyìí dè?"

Wọ́n ní, "Ọdún kẹta ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so. Àkànní, ṣé wọ́n ti sọ fún ẹ pé mi ò ní dé ibẹ̀ ni?"

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, àwọn olè ńkọ́? Ṣé gbogbo yín kọ́ lẹ ń pariwo pé wọ́n ń ṣa kaṣú lóru?

"Ìlà tó wà létí ọ̀nà, tiwọn nìyẹn. Ọ̀lẹ ni olè, kì í wọnú oko lọ títí."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi. Lójú tèmi, oríṣi èèyàn méjì ló wà, àwọn tí ayé ti já kulẹ̀ tí ojú wọn ti là, àtàwọn tí wọn ò tíì rí nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe àmín kiri. Ìyá Gáná ò bọ́ sí ìkankan. Ohun tí mo mọ̀ ni wọ́n mọ̀, wọ́n tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, wọ́n ti ka olè mọ́ iye tí wọ́n máa gbìn, wọ́n sì gbìn ín.

Kò yí mi padà lọ́jọ́ kan. Nígbà tọ́rọ̀ kànga tún dé, mo tún bi wọ́n pé ta ló máa di owó mú, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo dúró gbọ́ èsì. Wọ́n ní èèyàn méjì, gbogbo rìsíìtì ló máa wọ gúrúùpù. Mo fi tèmi ránṣẹ́. Rìsíìtì páìpù dé, owó orí ẹ̀ ò bá ti ọjà mu, mo pariwo, wọ́n dá díẹ̀ padà. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n bá àpáta, wọ́n ní àfi ká sún un, orí tún gbóná. Omi ti jáde báyìí. Kò pọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń pọn ọ́n kó tó fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n omi ni.

Mo ṣì máa ń padà sídìí ìbínú mi o, pàápàá tí mo bá ti ṣíìfù òru dé tí mo lọ ka ìròyìn. Àbúrò mi tó fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sólà nílé, mi ò sọ fún un pé ó máa dáa, torí mi ò mọ̀. Mo kàn béèrè iye tí wọ́n ń gba ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, a sì jọ ṣírò ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá Gáná pè mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n ro etí oko mọ́ kí ọyẹ́ tó dé, torí iná ìgbẹ́, kaṣú kéékèèké ò lè gbà á. Wọ́n dá owó lé mi, mo ní ó ti pọ̀ jù, wọ́n ní kí n wá fọwọ́ ara mi ro ó nígbà yẹn. A ò tíì parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ pè wọ́n kí wọ́n tó sùn, iye tí wọ́n sọ yẹn, ó ṣì pọ̀ jù. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.