Irun Ẹ̀yìn Orí Eṣinṣin

Ẹ kú ìjókòó o. Bí mo bá bi yín pé kí lẹ fi ń mọ eṣinṣin kan yàtọ̀ sí òmíràn, ọ̀pọ̀ yóò ní àwọ̀ ni. Àwọ̀ gan-an ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù lọ.

Ẹ wo Lucilia sericata àti Lucilia cuprina. Àwọn méjèèjì ń dán yinrin bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé; lójú lásán, ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n idin sericata ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kó sójú egbò kó lè jẹ ẹran tó ti kú kúrò níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní Ọsirélíà, cuprina ni olórí ọ̀tá àwọn tó ń sin àgùntàn: idin rẹ̀ a máa jẹ àgùntàn láàyè. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Itan iwájú la ó kọ́kọ́ wò. Ti cuprina ń dán bí ara rẹ̀ yòókù. Ti sericata dúdú, tàbí kó ní àwọ̀ aró. Bí ìyẹn kò bá dá yín lójú, ẹ yí ẹ̀yìn orí rẹ̀ sókè lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Irun ńlá kan wà látòkè orí ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka àwọn irun wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, cuprina ni. Bí wọ́n bá pọ̀, sericata ni. Irun a máa já o, pàápàá lára eṣinṣin tó ti pẹ́ nínú àpótí, ṣùgbọ́n ojú ihò tó ti hù kì í parẹ́. Ihò yẹn ni kí ẹ kà. Ojú tó bá balẹ̀ ló ń rí imú.

Eṣinṣin inú ilé kò le tó bẹ́ẹ̀: iṣan kan nínú ìyẹ́ Musca domestica ṣẹ́ kọrọ síwájú nítòsí etí ìyẹ́, ti Fannia, eṣinṣin mìíràn tó jọ ọ́, sì lọ gbọọrọ.

Kantíkantí ló le, pàápàá Drosophila melanogaster àti Drosophila simulans. Àfi ìgbà tí Alfred Sturtevant, onímọ̀ àbùdá ará Amẹ́ríkà, ya simulans sọ́tọ̀ lọ́dún 1919, melanogaster ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Ẹ̀yà ìbímọ akọ ló ń tú àṣírí wọn: ìṣẹ́po kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀, tó sì rí roboto lára simulans, ti melanogaster tín-ín-rín, ó tẹ̀ bí ìkọ́. Abo ńkọ́? Wọ́n jọra débi pé èmi kì í fi ojú nìkan dájọ́ wọn. Bó bá wà láàyè, ẹ jẹ́ kó yé ẹyin, kí ẹ dúró de àwọn ọmọ rẹ̀ akọ, kí ẹ wá fi wọ́n mọ ìyá. Bó bá ti kú sínú ọtí tí a fi ń tọ́jú òkú kòkòrò, ẹ kọ orúkọ méjèèjì sí ara ìgò náà, kí ẹ sì fi “tàbí” sáàárín.