Àkọlé Tó Ń Gbé Inú Fáìlì PDF

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Ìwé ẹ̀kọ́ kan tí a fi Python àti ReportLab, irinṣẹ́ Python tí a fi ń ṣe PDF, ṣe ni ẹ ń wò yìí. A ti fún fáìlì náà ní orúkọ tó bójú mu, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi Chrome ṣí i, «untitled» ni ó jáde lókè. Ọ̀rọ̀ tí ReportLab máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá sọ àkọlé ìwé rẹ̀ nìyẹn. Bí a kò bá sì dárúkọ òǹkọ̀wé, «anonymous» ni yóò kọ.

Orúkọ fáìlì dà bí ohun tí a kọ sára àpò ìwé: ẹni tí ó bá gbà á lè pa á dà nígbàkígbà. Àkọlé ní tirẹ̀ wà nínú ìwé náà gan-an, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé, kókó ọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí a ṣe é. Àkójọ yìí ni a ń pè ní metadata. Kí a tó pe c.save() láti fi ìwé náà pamọ́ (c ni canvas, ojú ìwé tí ReportLab ń kọ nǹkan sí), a ó kọ c.setTitle("Ẹ̀kọ́ Èdè Yorùbá"), a ó sì fi c.setAuthor tẹ̀ lé e.

Àmì lẹ́tà wa ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù. PDFDocEncoding, ètò lẹ́tà àtijọ́ tí PDF ń lò, ní à àti é, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ, nítorí náà UTF-16, ètò lẹ́tà tó gba gbogbo wọn, ni a fi ń kọ irú àkọlé bẹ́ẹ̀, tí báìtì FE FF, àmì tí a fi ń dá a mọ̀, yóò sì ṣáájú rẹ̀. ReportLab ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ to báìtì PDF ni kó ṣọ́ra. Fọ́ǹtì kò lọ́wọ́ sí i rárá: bí àkọlé bá pé, tí àpótí dúdú sì kún ojú ewé, fọ́ǹtì inú ìwé ni kí ẹ lọ pààrọ̀.

Ẹ́ pàápàá kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, àkójọ kóòdù fún lẹ́tà onírúurú èdè, ọ̀nà tí a sì lè gbà tò ó pọ̀ ju ọ̀kan lọ. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ètò tí ń wá ọ̀rọ̀ lè kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà èmi kì í fi àkọlé sílẹ̀ láìkọ́kọ́ fi unicodedata.normalize("NFC", akole) tún un tò sí ọ̀nà kan ṣoṣo.

Fún Acrobat, ètò Adobe tí a fi ń ka PDF, ẹ fi c.setViewerPreference("DisplayDocTitle", "true") kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ fáìlì ni yóò máa gbé sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe pdfinfo, àṣẹ tó ń fi metadata PDF hàn, lórí fáìlì náà, kí ẹ sì ka ìlà Title, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ẹ tó fi ránṣẹ́.