Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wo Ewé Náà Kó Tó Yà Á

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà.

Bí ẹ bá ní kí ọmọ ọdún 9 ya òdòdó, kò ní wo ibì kankan. Yóò fa igi kan gbọọrọ, yóò ya róbótó sórí rẹ̀, yóò to ewé òdòdó yí i ká, yóò sì fi ewé méjì tó jọra wọn sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ gbé òdòdó gidi síwájú rẹ̀, yóò sáré wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún ya ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwòrán tó ti wà nínú orí rẹ̀ ló ń yà, torí ìyẹn yá ju wíwò lọ. Lójú tèmi, iṣẹ́ wa ni pé kí á máa dá ojú rẹ̀ padà sára ewéko náà, léraléra, títí kíláàsì yóò fi parí.

Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú pẹ́ńsù. Ṣé méjìméjì ni ewé yìí ń yọ, tí wọ́n kọjú síra, àbí ọ̀kan lápá ọ̀tún kí èkejì tó yọ lókè rẹ̀ lápá òsì? Ṣé iṣan rẹ̀ ń lọ tààrà láti ìdí dé orí bíi ti koríko, àbí ó pín káàkiri bí àwọ̀n? Ṣé etí rẹ̀ dán, àbí ó ní eyín? Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń dá irúgbìn mọ̀ yàtọ̀ nìyí, ọmọ kékeré sì lè dáhùn wọn. Ẹ wo òdòdó hibiscus: ewé òdòdó rẹ̀ márààrún gun ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, etí ọ̀kan wà lórí, etí kejì wà lábẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ọmọ tó bá yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò tíì wò ó.

Ibi tó le jù ni ewé tó na orí síni. Ọmọ mọ̀ pé ewé náà gùn, ó sì ń yà á ní gígùn, bẹ́ẹ̀ kúkúrú pẹlẹbẹ ni ojú ń rí i. Àlàyé ẹnu kì í tán ìṣòro yìí. Kó na ọwọ́ tán, kó di ojú kan, kó fi pẹ́ńsù wọn gígùn ewé náà, kó sì fi àtàǹpàkò mú ibi tó dé. Yóò yà á lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fi ewé sílẹ̀, kó ya àlàfo tó wà láàárín àwọn ewé. Kò sí àwòrán àlàfo kankan nínú orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di dandan kó wò ó.

Ti irinṣẹ́ kò pọ̀. Pẹ́ńsù HB fún ìlà, pẹ́ńsù 2B, tó rọ̀ tó sì dúdú jù ú lọ, fún òjìji, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, kí ẹ̀ka tí ẹ gé sì wà nínú omi kó má baà rọ. Ẹ gba rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìlà rẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má wá òdòdó olówó ńlá kiri. Lọ́dún 1503, ayàwòrán Albrecht Dürer ní Jámánì jókòó ti koríko àti èpò lásán, ó sì fi ọ̀dà olómi yà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi fẹ́ràn ewé tí kòkòrò ti jẹ jù, torí kò sí ọmọ tó lè méfò ibi tí ihò rẹ̀ wà.

Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní máàkì, ẹ má fi àwòrán ọmọ kan wé ti ẹlòmíì. Ẹ ní kí ọmọ fi ìka tọ́ka sí ohun tó yà lára ewéko gan-an. Kó kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, kó sì tún ẹ̀ka kan náà yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bó bá ṣì wà lórí igi, kó lè fi ojú ara rẹ̀ wá ohun tó ti yí padà.