Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́: Bá A Ṣe Ń Di Server Ohùn Kó Lè Jáde Bákan Náà Níbi Gbogbo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ni mo tún tẹ̀ síbí fáwọn tí ò ráyè wá, torí náà tó bá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ má bínú, bó ṣe jáde náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n fi ìtìjú ara mi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́ PipeWire, ìyẹn server ohùn kan fún Linux, lórí laptop mi (kíkọ́ ni build, kéèyàn sọ source code di ètò tó ń ṣiṣẹ́), ó ṣiṣẹ́, Bluetooth ń dún dáadáa, mo bá gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà tó ń bá wa kọ́ package, ìyẹn ẹrù táwọn èèyàn máa gbé sórí kọ̀ǹpútà wọn, òun náà kọ́ ọ tán, kò pariwo, kò bú, error kan ò sí. Ọjọ́ kejì làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé earpiece àwọn ò connect mọ́. Source code kan náà o, ẹ̀dà kan náà, lẹ́tà kan ò yàtọ̀! Àṣé library BlueZ (tó ń bójú tó Bluetooth lórí Linux) àti ti SBC (tó ń di ohùn fún Bluetooth) ti wà lórí laptop tèmi tipẹ́, n ò tiẹ̀ rántí ohun tó gbé wọn débẹ̀, kọ̀ǹpútà kejì ní tiẹ̀ mọ́ tónítóní. Meson, irinṣẹ́ tó ń ṣètò bá a ṣe máa kọ́ ọ, wá wọn wá wọn, kò rí wọn, ó bá fò ó, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí ò mọ̀, server ohùn ló ń dúró sáàárín àwọn app àti sound card, òun ló ń po ohùn wọn pọ̀ kí gbogbo wọn lè dún lẹ́ẹ̀kan náà. PulseAudio ti wà láti 2004, Polypaudio lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, JACK wà fáwọn tó ń ṣe orin, PipeWire wá dé tó fẹ́ ṣiṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀, Fedora 34, ọ̀kan lára àwọn Linux, sì sọ ọ́ di server ohùn tiẹ̀ lọ́dún 2021. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìtàn.

Níbi tí wàhálà wà ni pé irú server báyìí lẹ̀ mọ́ nǹkan púpọ̀: Bluetooth, JACK, Avahi, GStreamer, FFmpeg, LV2, echo cancel, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀kan tó pọn dandan nínú wọn. Meson fún ọ ní ìdáhùn mẹ́ta fún irú wọn: enabled, disabled, auto. Auto yìí ló ń sọ pé tó o bá rí i, mú un, tó ò bá rí i, gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọ fún ara ẹ̀ nìkan, ó dáa fún un. Ṣùgbọ́n àwa tá à ń dì í fáwọn ẹlòmíì, ohun tá à ń wá ni pé ẹnikẹ́ni tó bá mú source kan náà, pẹ̀lú ìlànà kan náà àti irinṣẹ́ kan náà, fáìlì tó máa jáde lọ́wọ́ ẹ̀ ò gbọdọ̀ fi byte kan yàtọ̀ sí tèmi. Auto wá ń jẹ́ kí ohun tó ṣèèṣì wà nílẹ̀ máa bá wa pinnu.

Ẹnì kan dìde, ó ní "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀sì, ṣé bí Nix àti Guix ń ti build mọ́ inú sandbox, kí wá ni wàhálà?" Ìbéèrè gidi ni. (Irinṣẹ́ tó ń di package ni Nix àti Guix, sandbox sì ni yàrá àdádó tí ohun tó o béèrè fún nìkan ti ń wọlé.) Lóòótọ́, nínú sandbox, auto máa bí nǹkan kan náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó pinnu ẹ̀. Tí library tó o béèrè fún bá gbé òmíràn dání lẹ́yìn update, feature tuntun lè yọ́ wọlé, tó bá sì gbé e kúrò, feature lè jáde lọ láìdágbére. Mo wá máa ń fi -Dauto_features=enabled sí i, tó ń sọ gbogbo auto di enabled, màá wá kọ disabled síwájú èyí tí mi ò fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ̀dà tuntun bá dé pẹ̀lú option tuntun, build á dákú lójú mi, èmi náà á sì mọ̀ pé nǹkan kan dé. Ó ń bí mi nínú nígbà míì, mi ò purọ́, àmọ́ mo fara mọ́ ọn.

PipeWire tún ní ẹ̀tàn kan: tẹ́ ẹ bá fi option session-managers sílẹ̀ bó ṣe wà, ó máa fẹ́ lọ fa WirePlumber, ètò tó ń darí PipeWire, wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín build. Ẹ sọ ọ́ di òfìfo, kẹ́ ẹ fi --wrap-mode=nodownload tì í, kẹ́ ẹ wá di WirePlumber lọ́tọ̀.

Àwọn kan á ní ká kúkú ṣe oríṣiríṣi ẹ̀dà, èyí tó ní Bluetooth, èyí tí ò ní. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: option 10, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti di 1,024, ta ló fẹ́ test ìyẹn? Plugin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, fáìlì .so tí server máa ń ṣí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, torí náà ẹ kọ́ wọn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá pín wọn sí package ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí Debian ṣe ya libspa-0.2-bluetooth sọ́tọ̀. Èyí tí license ẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀, bíi codec AAC (ọ̀nà kan láti di ohùn) tó ń lo library fdk-aac, ẹ pa á ní tààràtà. Ti PulseAudio, ẹ ya libpulse, library táwọn app fi ń bá server sọ̀rọ̀, kúrò lára server, torí pé àìmọye app ló so mọ́ ọn, tí Bluetooth bá sì lè mú kí libpulse yí padà, ní Nix tàbí Guix gbogbo àwọn app yẹn lẹ máa tún kọ́.

Ti déètì àti orúkọ folder tó máa ń wọ inú fáìlì tó jáde ò le tó bẹ́ẹ̀: SOURCE_DATE_EPOCH fún àkókò, -ffile-prefix-map fún folder, lẹ́yìn náà ẹ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì nínú folder méjì tó yàtọ̀, kẹ́ ẹ fi diffoscope wo ìyàtọ̀.

Èmi ti wá kọ ìlà mẹ́ta kan sẹ́yìn build tèmi báyìí, tí kò bá rí libspa-bluez5.so, plugin Bluetooth náà, nínú ohun tó jáde, kó dá gbogbo ẹ̀ dúró. Ó ti dá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì látìgbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó kọ̀wé sí mi nípa earpiece mọ́.